Ẹṣin Mẹ́ta àti Ikọ́ Kan

Ẹṣin mẹ́ta ló ti gbé bàbá mi ṣánlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.
Èkíní, abo pupa kan, létí odò Tamir.
Èkejì jù ú sórí yìnyín.
Ẹ̀kẹta tẹ̀ ẹ́ láyà kó tó sá lọ.
Gombosuren dìde, ó gbọn ara nù,
ó ń súfèé pe ẹṣin padà.
Egungun kan ò ṣẹ́.

Ikọ́ ló ṣẹ́ ẹ.

Lóru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú oṣù kìíní,
nínú àgọ́ wa lórí òkè lẹ́yìn Ulaanbaatar,
níbi tí èéfín èédú ti ń sùn lórí ilé bí ajá tó yó,
a gbọ́ ọ: kẹ́.
Ìró kékeré,
bí ìgbà tí èèyàn dá igi ìṣáná sí méjì.
Ìyá mi rò pé èédú ló ta nínú sítóòfù.
Bàbá di ìhà òsì mú, ó lejú,
ó ní, "Narangerel, má pa mí lẹ́rìn-ín o."
Kò sí ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná.
Ó ní, "Egungun ìhà keje. Ó ti la."
Bàbá ní, "Èmi ò ṣubú."
"Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń wúkọ́, bàbá.
Ṣé òkúta tí omi ń kán sí ṣubú ni?"
Ó ní kò sí ohun tí wọ́n á fi dì í,
ìhà kì í ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi igi há;
iṣẹ́ tó ń ṣe kò ní ọjọ́ ìsinmi.
Kó lo oògùn. Kó máa mí kanlẹ̀, bó tilẹ̀ ń dùn ún.
Tí ikọ́ bá ti ń bọ̀, kó di ìrọ̀rí mọ́yà gírígírí.

Mo ti rò pé ikọ̀ ni ikọ́,
pé yóò jíṣẹ́ òtútù fún wa,
yóò mu tíì oníyọ̀ kan, yóò sì máa lọ.
Ìkọ́ ni.
Ó há bàbá mi níhà,
okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí mi ò rí
tó ń fà á ní aago mẹ́ta òru.

Tí mo bá dáná, ó wúkọ́.
Tí mi ò bá dáná, ó gbọ̀n,
gbígbọ̀n náà sì ń ro ó níhà.
Mo jókòó ti sítóòfù, èédú kan lọ́wọ́ mi,
mi ò mọ̀ bóyá kí n jù ú sínú iná tàbí kí n mú un dání.

Ìyá mi rán ìrọ̀rí, ó fi òwú ìrun àgùntàn kún un.
Bàbá wò ó, ó ní ìrọ̀rí ọmọdé ni.
Ó wọ́ dé ẹ̀yìn àpótí,
ó fa gàárì yọ,
ohun kan ṣoṣo tí kò tà
ní ọdún tí yìnyín pa gbogbo ẹran wa
tí a fi kó wá sí ìlú, tó wá ń ṣọ́ ọgbà eléèédú.
Eruku ti di awọ kejì lára rẹ̀.
Ó gbé e mọ́yà, ó fi àgbọ̀n tì í.
Ikọ́ dé.
Èjìká rẹ̀ ń fò sókè, ó ń wálẹ̀,
gàárì ń fò, ó ń wálẹ̀,
eékún rẹ̀ méjèèjì há a mọ́ra,
àfi bí ẹni tó ń sáré lórí pápá
tí ẹṣin kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Mo máa ń ka iye ìgbà tó wú u. Mo ti dáwọ́ dúró báyìí.
Ìyá mi kì í kà. Òun a máa mú ètè gàárì dání fún un,
kó má bàa yọ̀.

Lónìí, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́,
mo gbọ́ ohun kan tí kì í ṣe ikọ́.
Ó ń súfèé.
Ó rọra ń fẹ́ ẹ, láti eyín iwájú,
kó má bàa dé ibi tó ń dùn ún,
bí ẹni tó ń pe ẹṣin
tí kò sì fẹ́ kó gbọ́.